Scratch (èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà)

Scratch jẹ́ èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe géèmù àti eré àwòrán. Ẹgbẹ́ olùṣèwádìí tí Mitchel Resnick ń darí ní MIT Media Lab, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ó ṣe é, tí wọ́n sì gbé e jáde fún aráyé ní ọdún 2007. Àwọn ọmọ ọdún 8 sí 16 ni wọ́n ní lọ́kàn jù lọ. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú iṣẹ́ àwọn dí-jéè tí ń fi ọwọ́ yí àwo orin síwá sẹ́yìn láti fi orin tí ó ti wà dá òmíràn; orúkọ náà sì ro ó.

Ìlò

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í tẹ àṣẹ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi ni àwọn àṣẹ, èyí tí kò bá sì bá òmíràn mu kò ní wọnú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, àṣìṣe àmì ìkọ̀wé tí ń lé ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ sá nínú àwọn èdè mìíràn kò sí níbẹ̀. Àṣìṣe èrò nìkan ni ó kù, inú rẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ gan-an wà. Bí ọmọ bá pàṣẹ pé kí ológbò fò sókè láìsọ bí yóò ṣe balẹ̀, òkè ni ológbò yóò wà. Ó ní láti ya àyè kan sọ́tọ̀ fún iye ìyára rẹ̀, kí ó máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú iye náà títí yóò fi kéré sí òdo. Ìgbà náà ni ológbò yóò máa bọ̀ wá sílẹ̀. Báyìí ni ọmọ tí a kò tíì kọ́ ní nọ́ńbà òdì nílé ẹ̀kọ́ ṣe lè bá a pàdé nínú géèmù.

Àtúndá

Gbogbo iṣẹ́ tí a bá pín lórí ìkànnì Scratch ni ẹlòmíràn lè ṣí wò, kí ó sì tún un dá. Àwọn ọmọ kan fẹ̀sùn kàn pé wọ́n jí iṣẹ́ àwọn. Ìkànnì náà wá ń fi orúkọ oníṣẹ́ àkọ́kọ́ sára àtúndá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò pa ẹ̀sùn náà rẹ́. Ìwádìí tí Andrés Monroy-Hernández àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé àwọn ọmọ náà ka ọpẹ́ tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kún ju orúkọ tí ẹ̀rọ fi síbẹ̀ lọ.

Ẹ̀dà

Ẹ̀dà kejì, ti ọdún 2013, ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí a lè ṣe iṣẹ́ náà tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà kẹta jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019. Èyí tí a lè lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì wà pẹ̀lú.