Ibo Ni Gáàsì Ń Gbà Jáde Lógun Kírìjì?

Àwọn àgbà kan ládùúgbò wa máa ń sọ pé "Ojú Ọta" ló di Ojọ́ta, torí wọ́n ní ibí ni wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn nígbà kan. Bóyá ìyẹn ni ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìbọn kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ní àṣìṣe kan tí mo fẹ́ tún ṣe.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé bí ọta Snider ṣe ń lọ jìnnà ló kó jìnnìjìnnì bá ọmọ ogun Ìbàdàn lógun Kírìjì (1877 sí 1893). Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Mi ò bi ara mi léèrè ibi tí gáàsì ń gbà.

Ẹ wo ṣakabùlà. Òkúta á ṣáná sí ẹ̀tù inú àwo kékeré, iná á gba ihò ẹ̀gbẹ́ ìbọn wọlé. Ihò yẹn náà ni gáàsì ń gbà padà síta, nítòsí ojú ẹni tó ń yìn ín. Àbúrò bàbá mi àgbà, ọdẹ ni, gbé àpá ẹ̀tù lẹ́rẹ̀kẹ́ wọ sàréè. Abájọ tí ọ̀pọ̀ jagunjagun fi ń yìnbọn láti ìbàdí, tí wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ta ló lè fojú sun ọ̀tá báyẹn?

Snider tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ń fi ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àtàwọn ènìyàn rẹ̀ yàtọ̀. Ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1866 ni. Ó yá kì, ìyẹn nìkan kọ́. Òòlù á lu abẹ́rẹ́ tó dagun gba inú irin ìdí ìbọn, abẹ́rẹ́ á gún ìdí ọta. Ìkarahun ọta náà, tí Edward Boxer fi idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, á wú, á dí ìdí ìbọn pa. Gáàsì ò ríbi gbà mọ́ àfi ẹnu ìbọn. Èèyàn lè wá gbé e lé èjìká, kó fojú sùn ún dáadáa.

Kò pé náà o. Bí ìkarahun bá ya, gáàsì lè ṣí irin ìdí ìbọn gbà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi ìkọ́ há a nínú èyí tí wọ́n rọ lẹ́yìn. Àwọn ará Jámánì náà bá irú rẹ̀ pàdé nínú ìbọn ìléwọ́ Luger: wọ́n gbẹ́ ojú ìlà sára abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí gáàsì tó bá gba ìdí ọta tó lu sẹ́yìn lè ríbi sá gbà.

Ẹni tó bá ṣì ní nóòtì kíláàsì mi lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ihò ṣakabùlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti dárúkọ Snider.