Ìyá Ìkókó Tí Ó Padà Sí Eré-Ìje

Bí obìnrin bá bímọ láàrin wa, ohun tí a kọ́kọ́ ń sọ fún un ni "Ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn baba wa kò ṣèèṣì dá irú kíkí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí ojú obìnrin ń rí nígbà ìrọbí. Nítorí náà ni àwọn ìyá àgbà ṣe ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ìkókó, tí wọ́n ń fi ọ̀já dì í, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ó gbé ẹrù wúwo títí ara rẹ̀ yóò fi bọ̀ sípò. Bí ẹnì kan bá dìde níwájú wọn pé ìyá ìkókó yìí yóò sáré máìlì 26 kí oṣù mẹ́fà tó pé, tí yóò sì fi gbogbo obìnrin yòókù sẹ́yìn, wọn yóò bi í léèrè bóyá orí rẹ̀ pé. Síbẹ̀ ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo mú tọ̀ yín wá ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọdún 1928, ní ìlú Amsterdam, ni wọ́n kọ́kọ́ gba obìnrin láyè láti sá eré-ìje nínú eré Òlíńpíìkì. Èyí tí ó gùn jù fún wọn ni ti mítà 800. Lina Radke, ọmọ Jámánì, ni ó gbégbá orókè. Ṣùgbọ́n àwọn oníwèé-ìròyìn kọ ọ́ káàkiri pé àwọn obìnrin náà ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lára wọn, àwọn alákòóso sì yọ eré náà kúrò. Ọdún 32 gbáko ni ó fi wà bẹ́ẹ̀, títí wọ́n fi dá a padà ní Róòmù ní 1960. Bí ọkùnrin bá ṣubú lẹ́yìn eré-ìje, akọni ni wọ́n ń pè é. Èmi kò mọ ìdí tí ti obìnrin fi di àìsàn. Ní 1972 ni wọ́n tó fi mítà 1,500 kún un, èyí tí kò tilẹ̀ tó máìlì kan. Obìnrin kò sì sá eré márátọ́ọ̀nù, tíí ṣe máìlì 26 àti díẹ̀ lé, nínú Òlíńpíìkì títí di 1984.

Ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Ingrid Kristiansen, tí a bí ní 1956 ní ìlú Trondheim ní ilẹ̀ Nọ́wè. Òtútù ilẹ̀ náà pọ̀ débi pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ a máa so pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Ingrid mọ eré yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣojú fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú eré ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ó dára, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà níwájú rẹ̀ nílé: Grete Waitz, ọmọ Nọ́wè bíi tirẹ̀, obìnrin tí ó gba márátọ́ọ̀nù New York lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Ní oṣù January 1983, Ingrid gba márátọ́ọ̀nù ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 33. Ní oṣù March, ó lọ sí ìdíje àgbáyé ti orí pápá ní Gateshead, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Grete ni ó gbà á. Ingrid ṣe ipò 35. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Ó ń ṣe gbogbo ìdánrawò rẹ̀ bí ó ti yẹ, ara rẹ̀ kò kàn gbà fún un ni. Ìyàwó olùkọ́ni rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fura. Ẹ ò rí i pé ojú obìnrin ni ó ń mọ̀ ọ́n? Wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n bá oyún bí oṣù mẹ́rin nínú rẹ̀. Ó ti gbé e sáré ní Houston láìmọ̀!

Ní oṣù August ọdún náà, wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní Helsinki, Grete sì gba márátọ́ọ̀nù ibẹ̀. Ní oṣù kan náà ni Ingrid bí ọmọkùnrin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgbà náà gbà pé bí asáré bá ti bímọ, ó parí nìyẹn. Kí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ingrid jókòó ti ọmọ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi bàtà eré sílẹ̀. Nígbà tí yìnyín bá bo ọ̀nà, ó ní ẹ̀rọ kan nínú ilé tí ènìyàn ń sáré lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan, ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Orí rẹ̀ ni ó ti ń sáré ní tòsí ọmọ rẹ̀. Ní January 1984, oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, ó padà sí Houston yẹn kan náà, ó sì tún gbà á, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 27. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ yọ ọ́ wò: ìṣẹ́jú tí ó fi yá ju ti ọdún tí ó ṣáájú lé ní márùn-ún. Ní oṣù May, ó gba ti Lọ́ńdọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 24. Ní June, ní ìlú Oslo, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò sá mítà 5,000 kí ìṣẹ́jú 15 tó pé.

Àwọn kan ní oyún náà ni ó fún un lágbára. Òótọ́ ni pé bí obìnrin bá lóyún, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ a máa pọ̀ sí i, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlàjì ju ti tẹ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ a sì máa ṣiṣẹ́ jù. Ṣùgbọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ náà a ti padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Kò lè jẹ́ òun ni ó gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù ní May. Ní tèmi, iṣẹ́ ni mo rí níbẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ kò sì dùn tán. Ní August 1984, ní Los Angeles, nígbà tí àwọn obìnrin sá márátọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, Joan Benoit ti Amẹ́ríkà tètè fi wọ́n sílẹ̀, àwọn yòókù sì rò pé yóò rẹ̀ ẹ́. Kò rẹ̀ ẹ́. Grete ṣe ìkejì, Rosa Mota ti Pọtugí ṣe ìkẹta, Ingrid ṣe ìkẹrin, kò sì gba ohunkóhun. Ní ọjọ́ 21 oṣù April 1985, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti ń rìn, ó sá ti Lọ́ńdọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 21 àti ìṣẹ́jú-àáyá 6. Kò sí obìnrin tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún 13 ni àkókò yìí fi dúró, títí Tegla Loroupe ti Kẹ́ńyà fi borí rẹ̀ ní 1998.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ èyí kí ó lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ sí ojú títì. Paula Radcliffe, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, bímọ ní January 2007, ó yára padà sí eré, egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì sán. Ó ní láti sinmi, kí ó tó lọ gba márátọ́ọ̀nù New York ní November ọdún náà. Oríkèé ìbàdí a máa rọ̀ nígbà oyún, ẹran ara tí ó gbé ilé-ọmọ ró a sì fà. Wọn kì í le padà lọ́jọ́ kan. Ní 2019, àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́jú ara ní Gẹ̀ẹ́sì gbani nímọ̀ràn pé kí ìyá ìkókó dúró tó oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwọn ìyá wa tí ń di ọ̀já kò jẹ̀bi.

Owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2019 kan náà, Kara Goucher ti Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní gbangba pé ilé-iṣẹ́ bàtà tí òun ń bá ṣiṣẹ́ dá owó òun dúró nígbà tí òun lóyún, títí òun yóò fi tún sáré. Oṣù méje péré lẹ́yìn ìbímọ ni ó sá márátọ́ọ̀nù Boston ní 2011.

Liz McColgan ti Skọ́tíláǹdì ni n ó fi parí. Ó gba mítà 10,000 nínú ìdíje Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ní 1986, ó tún gbà á ní January 1990. Ní November ọdún náà ó bí ọmọbìnrin kan, Eilish. Ní August 1991, nínú ooru ìlú Tokyo, ó gba wúrà àgbáyé nínú mítà 10,000, ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Ọdún 31 lẹ́yìn náà, ní Birmingham ní 2022, Eilish fúnra rẹ̀ ni ó gba wúrà Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ti mítà 10,000.