Ọmọ Ọ̀dọ̀ àti Ìwọ̀fà: Èwo Ni Ó Mọ Òpin Iṣẹ́ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí á jọ tú palẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí ilé olówó, tí kò sì ṣàjèjì sí ilé mẹ̀kúnnù: ọmọ ọ̀dọ̀. Bí a bá bi ẹnikẹ́ni pé ta ni ọmọ ọ̀dọ̀, yóò dáhùn pé ẹni tí ń fọ abọ́, tí ń gbálẹ̀, tí ń pọnmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní. Kò sí iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ọmọ wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wà níbẹ̀, ó tán. Ọ̀dọ̀ yìí kan náà ni a ń lò nígbà tí a bá sọ pé ‘wá sí ọ̀dọ̀ mi’ tàbí pé ‘ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ó dàgbà sí’. Sàkání ẹni ni ọ̀dọ̀ ẹni. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ọmọ tí ń gbé nítòsí ẹni, tí ojú ẹni tó.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn Fọ̀n, aládùúgbò wa ní orílẹ̀-èdè Benin, ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní vidomègon. Bí a bá já ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, ọmọ tí a fi sí ọ̀dọ̀ ènìyàn ni. Lókè òkun ní Haiti, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Fọ̀n àti ọmọ Yorùbá ti ṣe ẹrú, restavèk ni wọ́n ń pè é. Inú èdè Faransé ni wọ́n ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ‘gbé pẹ̀lú’ lọ. Èdè mẹ́ta ni ó fi ibùgbé sọ ọmọ náà lórúkọ, tí kò sì sí ọ̀kan tí ó dárúkọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Èmi kò rò pé èyí ṣèèṣì.

Ní ayé àtijọ́, yàrá kì í ṣe ohun tí a ń tà nílẹ̀ Yorùbá. Agbo ilé ni ènìyàn ń gbé. Bí àyè bá há, wọn a fa ilé kún ilé. Àlejò tí ó wọ ìlú yóò wá baálé kan tí yóò gbà á, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé èló ni yóò máa san lóṣù. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá mú ọmọ kan lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tàbí sí ọ̀dọ̀ ìyá oníṣòwò kan, ibùsùn rẹ̀ kò ní iye. Ẹ̀kọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ń wá. Wọ́n gbà pé ọmọ tí kò kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀ lè di àkẹ́bàjẹ́, ṣùgbọ́n pé lọ́dọ̀ alágbàtọ́, yóò mọ bí a ti ń jí ní kùtùkùtù, bí a ti ń kí àgbà, bí a ti ń pọnmi kún àmù kí oòrùn tó yọ. Iṣẹ́ ilé ni ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ onílé pẹ̀lú ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tàbí kí á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Àwọn àgbà mọ̀ pé kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn náà ni wọ́n sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Ètò mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, tí ojú ń tì wá láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Ìwọ̀fà ni. Ẹni tí ìnáwó òkú bàbá rẹ̀ bá ká mọ́, tàbí tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn, yóò lọ yá owó lọ́wọ́ olówó. Kò ní san èlé. Dípò èlé, òun fúnra rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, ni yóò máa singbà fún olówó náà títí di ọjọ́ tí owó yóò pé. Rírà ni a ń ra ẹrú. A kì í ra ìwọ̀fà. Ọmọ ìlú ni, ó ní ẹbí, kò sì sí ẹni tí ó lè tà á.

Àlùfáà Samuel Johnson ṣe àlàyé ètò yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo máa ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n fi sùúrù ka ibẹ̀, nítorí pé ohun tí wọn yóò bá pàdé kì í ṣe ohun tí wọ́n ti rò. Johnson sọ pé ìdajì ọjọ́ ni ìwọ̀fà ń fi ṣiṣẹ́ fún olówó. Ebè ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ náà. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ni ti ìwọ̀fà. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ di tirẹ̀. Bí ó bá wù ú, ó lè kó iṣẹ́ ọjọ́ bíi mélòó kan pọ̀ ṣe, kí ó lè ráyè gbọ́ ti oko ara rẹ̀. Onígbọ̀wọ́ wà tí ó mọ àdéhùn náà. Ọjọ́ tí owó bá pé, iṣẹ́ tán nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yàtọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fi sọfà ń gbé nílé olówó, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹun, ibẹ̀ ni ó ń sùn, kò sì sí ẹni tí ń ka ebè fún un. Òun ni ó sún mọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ jù lọ. Síbẹ̀, òfin tẹ̀ lé e wọ inú ilé náà. Bí olówó bá ba ọmọbìnrin tí ó jẹ́ ìwọ̀fà rẹ̀ jẹ́, gbèsè kú.

N kò sọ pé ìwọ̀fà dára o. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe kì í dín owó náà kù rárá, èlé nìkan ni ó ń dí. Ènìyàn lè singbà fún 10 ọdún kí ojú owó sì wà bí ó ti wà. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa gbèsè ni wọ́n sì ń fi sanwó rẹ̀. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ètò náà kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ìwọ̀fà ní òṣùwọ̀n. Gbogbo ènìyàn mọ ohun tí ó jẹ, wọ́n mọ wákàtí tí iṣẹ́ ń tán, wọ́n sì mọ ohun tí yóò gba òmìnira rẹ̀ padà. Ọmọ ọ̀dọ̀, tí a ń fi ẹnu dídùn pè ní ọmọ, kò ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé, wọ́n bá àṣà àgbàtọ́ nílẹ̀, wọ́n sì lò ó. David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ CMS rán wá, àti Anna aya rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853. Kò pẹ́ tí ilé wọn ní Kúdẹtì fi kún fún ọmọ ọlọ́mọ. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fún wọn ní méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Akínyẹlé àti Yéjídé. Henry Johnson, bàbá Samuel Johnson tí mo mẹ́nu bà lókè, wá láti Sierra Leone láti bá Hinderer ṣiṣẹ́, nípa bẹ́ẹ̀ òǹkọ̀tàn wa mọ ilé náà dáadáa nígbà èwe rẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni Daniel Olúbí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ìránṣẹ́ ilé ni ó kọ́kọ́ jẹ́ fún Hinderer, ó sì bá wọn dé Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn Hinderer padà sílé ní 1869, ọwọ́ Olúbí tí ó ti ń tọ́jú ilé ni wọ́n fi ìjọ lé; ó di àlùfáà, ó sì wà nídìí iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ogun Ìjàyè ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1860 tí ọ̀nà òkun sì dí, owó kò wọlé mọ́. Anna Hinderer ń ta nǹkan inú ilé kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti rí, kí ó wá ìwé tí a fi àwọn lẹ́tà rẹ̀ ṣe ní 1872. Nínú ilé yẹn, ọ̀dọ̀ jẹ́ ọ̀dọ̀ lóòótọ́, nítorí pé onílé àti ọmọ ni ebi jọ pa. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ọmọ tí ó wọ ibẹ̀ kì í fi ìgbálẹ̀ nìkan san oore. Orúkọ rẹ̀ ń yí padà, ìsìn rẹ̀ ń yí padà.

Láti ilé míṣọ́nnárì ni àṣà náà ti wọ ilé tíṣà. Fún bí 60 ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé kò ní ọ̀nà mìíràn sí ìwé ju pé kí ó lọ gbé lọ́dọ̀ tíṣà, kí ó máa ṣẹ́gi, kí ó máa pọnmi, kí ó máa lọ aṣọ. Nínú ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké, tí ó jáde ní 1981, ẹ ó rí bí ilé ọ̀gá ilé ìwé ṣe máa ń kún fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà kọ tirẹ̀ sínú ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní 1960. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ọmọ ọdún 11 sì ni òun nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, ó ń ti ilé kan bọ́ sí ilé mìíràn, ó ń fi iṣẹ́ ilé wá owó ilé ìwé. ‘Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ’ ni òwe ìran wọn.

Ọkùnrin yìí kan náà ni olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955. Ní 1954, iye ọmọ tí ó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà jẹ́ nǹkan bí 457,000. Ní 1955, ó fò sókè sí 811,432. A ti gbọ́ oríyìn ètò yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í sábà sọ ohun tí ó ṣe sí ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀. Láti ìgbà náà, ọmọ lè sùn nílé ìyá rẹ̀ kí ó sì kàwé. Ohun tí tíṣà fi ń san ẹ̀san iṣẹ́ ọmọ náà di ọ̀fẹ́ ní ìta. Ẹni tí ó ṣì ń fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìlú ńlá lẹ́yìn èyí, oúnjẹ ni ó sábà máa ń wá fún un, tàbí owó oṣù tí alárinà yóò gbà lórí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yọ kúrò nínú àdéhùn, iṣẹ́ kò yọ.

Ilé náà sì ti yí padà. Àwọn òyìnbó ìjọba kọ́ ilé wọn pẹ̀lú yàrá kéékèèké lẹ́yìn, èyí tí a ń pè ní bọ́ìsì kọ́tà. Ẹni tí ń se oúnjẹ, tí ń tún ọgbà ṣe, ibẹ̀ ni ó ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ilé bọ́. Àwọn yunifásítì wa kọ́ ilé olùkọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kíyè sí i bí èdè ṣe tẹ̀ lé e: kò sí ọ̀dọ̀ nínú bọ́ìsì kọ́tà. Ògiri ti là wọ́n láàárín.

Àwọn ará Yúróòpù pẹ̀lú ní irú àṣà yìí. Au pair ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí ‘ní ọgbọọgba’. Ọ̀dọ́ kan yóò lọ gbé nílé ẹbí kan ní ilẹ̀ òkèèrè láti kọ́ èdè wọn, yóò sì máa bá wọn tọ́jú ọmọ. Ní 1969, wọ́n jókòó ní Strasbourg, wọ́n kọ àdéhùn lé e lórí: ọmọ ọdún 17 sókè, iṣẹ́ tí kò ju wákàtí 5 lọ lóòjọ́, ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀, àyè láti lọ kọ́ èdè, owó àpò, gbogbo rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka wákàtí 5 yìí, ebè ti Johnson ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán náà ni.

Ní tiwa, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé a kò gbọdọ̀ gba ọmọdé síṣẹ́ ilé níta ilé rẹ̀ tàbí sàkání ẹbí rẹ̀. Èkó gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀ ní 2007. Sàkání ẹbí! Bí ẹ bá rántí ohun tí mo sọ nípa ọ̀dọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí òfin náà ti jò. Ẹni tí ó bá ń lo ọmọ bí ẹrú yóò ní ìbátan òun ni, ta ni yóò sì sọ pé kì í ṣe ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀? ‘Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta’ ni òwe wí, ìdajì kejì òwe náà ni a kì í fẹ́ parí: ẹrú ṣe ọmọ nílé ìyá rẹ̀ rí.

Bọ́ìsì kọ́tà ṣì wà. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gbé ibẹ̀ báyìí. Àwọn kan ń san owó. Àwọn mìíràn kì í san, wọ́n ń fọ mọ́tò, wọ́n ń kọ́ ọmọ onílé ní ìṣirò, wọ́n ń ṣọ́ ilé nígbà ìsinmi. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ayọ̀ sọ fún mi pé òun ti rí yàrá ọ̀fẹ́ nílé olùkọ́ kan. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni yóò máa ṣe, àti títí di aago mélòó. Ó ní, “Wọn kò tíì sọ, sà.” Mo ní kí ó padà lọ béèrè kí ó tó kó ẹrù rẹ̀.