Ìtọ̀ Kò Tú Àṣírí Tó Ẹnu

Ní Sydney lọ́dún 2000, Nàìjíríà ṣe ipò kejì nínú eré ìje alápapọ̀ 4×400 mítà ti àwọn ọkùnrin, Amẹ́ríkà sì gba góòlù. Ní 2008 ni Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, búra ní kóòtù, ó sì jẹ́wọ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún lòun fi lo oògùn amúnilágbára. Àyẹ̀wò kankan ò mú un rí. Ẹjọ́ olùkọ́ni rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe tí ọ̀rọ̀ fi bọ́. Kí ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì, IOC, tó gbé góòlù fún Nàìjíríà ní 2012, Sunday Bada tó wà nínú ikọ̀ náà ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn yìí ṣe máa ń rí: ẹnu èèyàn ló ń tú àṣírí ńlá, àwọn àjọ sì gbójú lé àyẹ̀wò ìtọ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Láti 1928 ni àjọ eré sísá lágbàáyé ti fòfin de oògùn, àmọ́ kò sí ohun tí wọ́n lè fi yẹ ara ẹnikẹ́ni wò. Ikú ló ta àwọn aláṣẹ jí. Ní oṣù Keje 1967, Tom Simpson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣubú lórí òkè Mont Ventoux nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France, ó kú, wọ́n sì bá oògùn amphetamine lára rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, IOC bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ta ni wọ́n kọ́kọ́ mú? Hans-Gunnar Liljenwall ará Sweden, tó mu bíà kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ nígbà tó bá ń yìnbọn nínú ìdíje. Bíà o! Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì sọ fífún àwọn eléré ní oògùn di iṣẹ́ ìjọba. Ilé àyẹ̀wò wọn ní Kreischa ń yẹ ìtọ̀ wọn wò kí wọ́n tó rìnrìn àjò. Ẹni tí oògùn kò tíì kúrò lára rẹ̀, ilé ni yóò jókòó sí. Ìgbà tí ìjọba yẹn wó ni ìwé àṣírí wọn jáde.

Kódà WADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá lágbàáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1999, kì í ṣe àyẹ̀wò ló bí i. Kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ Faransé ló dá ọkọ̀ Festina, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, dúró ní 1998, tí wọ́n bá ẹrù oògùn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Olùkọ́ni kan ló fi abẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ní 2003 kí wọ́n tó mọ oògùn THG. Ẹ̀rí àwọn mọ́kànlá tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ rí ló wà lára ohun tó rẹ Lance Armstrong, tó ń gun kẹ̀kẹ́, sílẹ̀ ní 2012. Ní ti oògùn lílo ní Rọ́ṣíà, Vitaly Stepanov àti ìyàwó rẹ̀ Yuliya, tó jẹ́ sárésáré, ló tú àṣírí rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Jámánì ní 2014.

Ẹnìkan lè ní ìtọ̀ ló ṣáà mú sárésáré Ben Johnson ní 1988. Òótọ́ ni, àyẹ̀wò ló sì mú Blessing Okagbare, sárésáré wa, ní 2021. Mi ò sọ pé kí wọ́n pa àyẹ̀wò tì. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ń dín ìwà náà kù. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún nínú mẹ́wàá tí wọ́n kọ́kọ́ fi jẹ Okagbare níyà, torí pé kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ìwádìí ni. Àwọn mìíràn á ní ẹlẹ́rìí lè purọ́ nítorí owú. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ìwé àti owó tó yí lọ́wọ́ kún ẹ̀rí rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò náà ń purọ́: ti Moscow, tí WADA fọwọ́ sí, ló pààrọ̀ ìtọ̀ nígbà Òlíḿpíìkì ti Sochi.

Ní 2016, Yuliya Stepanova bẹ̀bẹ̀ láti sáré ní Òlíḿpíìkì ti Rio, IOC sì kọ̀, wọ́n ní ó ti lo oògùn rí. Ẹ̀bi ńlá ni wọ́n jẹ.