Ariwo Ọmọdé Nínú Gbọ̀ngàn Orin

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó sì sọ ọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2019, nínú Symphony Hall ní ìlú Boston, ẹgbẹ́ olórin Handel and Haydn Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1815, ṣe orin ọ̀fọ̀ kan tí Mozart kọ ní ọdún 1785. Harry Christophers ni ó darí wọn. Bí ohùn ìkẹyìn ti ń rọlẹ̀ lọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì pàtẹ́wọ́, ohùn ọmọdé kan dún ketekete láàárín ìjókòó: “Wáò!” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ kì í gba ariwo. Ikọ́ pàápàá, ńṣe ni wọ́n ń mú un mọ́ra. Ẹni tí ó bá ti ṣèèṣì pàtẹ́wọ́ láàárín ìpín méjì nínú síńfónì rí, bí èmi ti ṣe nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, mọ bí ojú ènìyàn ti ń gún ni lára. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi rò pé bẹ́ẹ̀ ni orin yìí ti rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní ọdún 1778, Mozart, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 22, wà ní Paris. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni wọ́n ṣe síńfónì rẹ̀ kan ní Concert Spirituel. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù keje, ó ròyìn pé ibì kan wà láàárín ìpín kìíní tí òun mọ̀ dájú pé yóò dùn mọ́ wọn nínú. Bí wọ́n sì ti gbọ́ ọ ni wọ́n pàtẹ́wọ́, tí orin ṣì ń lọ lọ́wọ́. Nítorí pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti tún fi í sí ìparí ìpín náà. Ní ti ìpín ìkẹyìn, ó mọ̀ pé àṣà ibẹ̀ ni kí gbogbo ohun èlò bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá fi fáyólìn nìkan bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́. Àwọn olùgbọ́ ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́, àfi gbàrà tí gbogbo rẹ̀ dún pọ̀, wọ́n fi àtẹ́wọ́ dá a lóhùn. Inú Mozart dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lọ jẹ áísìkíríìmù, tí ó sì gba àdúrà rosari tí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí ó kọ lẹ́tà yìí gan-an ni ìyá rẹ̀ kú sí Paris, ṣùgbọ́n ó fi í pamọ́ fún bàbá rẹ̀, ó ní àìsàn ni ó ń ṣe é. N kò lè ka ìròyìn àtẹ́wọ́ náà láì rántí èyí.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wá di òfin. Iṣẹ́ àwọn olórin tí ó ti kú, Beethoven ni aṣáájú wọn, di ohun ọ̀wọ̀ bí ìwé mímọ́. Ní ọdún 1876, Wagner ṣí ilé orin tirẹ̀ ní Bayreuth. Ó fi àwọn alohun-èlò pamọ́, ó sì fi àwọn olùgbọ́ sínú òkùnkùn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ní ọdún 1882, nígbà tí wọ́n ń ṣe Parsifal, òun fúnra rẹ̀ kígbe ìyìn láti ibi tí ó jókòó sí, àwọn olùgbọ́ sì pa á lẹ́nu mọ́. Wọn kò mọ̀ pé ẹni tí ó ni orin ni.

Oníjàálá tiwa tí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́ bí omi àmù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí òun ti ṣìnà. Síbẹ̀, n kò bá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jà. Orin kan wà tí ìparí rẹ̀ rọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀mí olùgbọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, irú rẹ̀ sì ni èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ Mason méjì tí ó kú ni wọ́n fi ṣe ìrántí ní Vienna ní oṣù kọkànlá ọdún 1785. Ohùn ìbànújẹ́ ni ó gba ibẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó tán, ìró kan yí padà, ìmọ́lẹ̀ sì wọlé. Ibẹ̀ ni orin dúró sí. Ibẹ̀ náà ni ọmọ yẹn ti ké. Àwọn àgbà tí ó jókòó ti ka ìwé ètò, wọ́n mọ̀ pé orin òkú ni. Ọmọ náà ni ó fi hàn pé òun gbọ́ bí ọ̀fọ̀ ti tú.

Olórí ẹgbẹ́ náà kọ̀wé sí àwọn tí ó wá, ó ń wá ọmọ náà kiri, kì í ṣe láti bá a wí bí kò ṣe láti yọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n rí i, bàbá àgbà rẹ̀ tí ó mú un wá ṣàlàyé pé kì í sábà sọ bí nǹkan ti rí lára rẹ̀ jáde lẹ́nu. Àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ojú tí mo sọ ṣáájú ń lé jókòó sílé. Èyí wọlé, ó sì padà wá pàdé olùdarí orin náà. Wọ́n gba orin ọjọ́ náà sílẹ̀ fún rédíò. Ohùn ọmọ náà wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn ohùn ìkẹyìn tí Mozart kọ.