Àgbọ̀n Tí A Fà Gùn, Eyín Tí Kò Tíì Yọ

Kurgan, ní Siberia, ni ìtàn yìí ti gbòde. Níbẹ̀, lẹ́yìn ọdún 1950, dókítà Gavriil Ilizarov rí i pé bí a bá gé eegun ẹsẹ̀, tí a sì rọra ń fà á ya ní bíi mìlímítà 1 lóòjọ́, eegun tuntun á máa hù dí àlàfo náà.

Ní 1973, Snyder àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àgbọ̀n ajá. Ní 1992, Joseph McCarthy ní New York ròyìn ọmọ 4 tí wọ́n fa àgbọ̀n wọn gùn báyìí. Ìrètí ńlá ni fún ọmọ tí àgbọ̀n rẹ̀ kéré débi pé ahọ́n ń dí ọ̀nà èémí rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ o. Inú àgbọ̀n ọmọdé ni eyín ọjọ́ iwájú fara pamọ́ sí. Eyín ńlá tó ń yọ ní bí ọmọ ọdún 6, ìgbà ìbí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bí ayùn tàbí irin bá kàn án, ó lè má yọ mọ́, ó lè wọ́, gbòǹgbò rẹ̀ sì lè kúrú.

Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ irú èyí: àtúnṣe òní lè ba ohun tí a ò ní lò títí di ọdún mélòó kan jẹ́. Ìdí nìyẹn táwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń kọ́kọ́ ya fọ́tò CT, kí wọ́n lè mọ ibi tí eyín wà, kí wọ́n sì yà fún un.

Síbẹ̀, bí ó bá di dandan ká yan ọ̀kan, èémí ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí ti gbọ́ nípa eyín náà kí wọ́n tó gbé ọmọ wọlé.