Ọmọ Iṣẹ́ ní Ilé Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá fẹ́ mọ bí ayé òṣìṣẹ́ ṣe rí ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá, ó yẹ kí á wo ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ó kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di òwò. EDS ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1962, Ross Perot, ẹni tí ó ti ń bá IBM ta ẹ̀rọ láti ọdún 1957, fi 1,000 dọ́là dá EDS sílẹ̀ ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà. Ó ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ oníbàárà a máa ra kọ̀ǹpútà tán kí wọ́n má mọ bí wọn yóò ṣe lò ó dáadáa. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rọ ni òun ń tà, bí kò ṣe wákàtí àti ọgbọ́n ọmọ ènìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, EDS kò tilẹ̀ ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àkókò tí ẹ̀rọ ẹlòmíràn fi ń sinmi ni ó ń rà lò. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò ìlera Medicare àti Medicaid sílẹ̀ ní 1965, ìṣirò owó di púpọ̀, iṣẹ́ sì ya dé.

Nígbà tí ó jẹ́ pé ènìyàn ni ọjà, ilé-iṣẹ́ náà tọ́jú ọjà rẹ̀ bí oníṣòwò ti ń nu igbá àtẹ. Ẹ̀wù funfun àti kóòtù dúdú ni wọ́n ń wọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá irùngbọ̀n sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ogun tí ó ti ojú ogun Vietnam dé, ìgbọràn kò sì ṣe àjèjì sí wọn. Òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọ iye owó oṣù rẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ iṣẹ́ a máa sin ọ̀gá rẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà pẹ̀lú a máa fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe èlé owó tí a yá, títí a ó fi san owó náà. Ìlànà EDS fi ara jọ méjèèjì. Ó ń san owó oṣù fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n onítọ̀hún yóò ti fọwọ́ sí ìwé pé bí òun bá lọ kí àkókò tó pé, òun yóò san owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ padà. A kò lè pè é ní ìwọ̀fà, nítorí kò yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, gbèsè tí ó bá wọ inú ọgbọ́n kò ṣeé sọ̀ bí ẹrù orí.

Ní 1984, General Motors fi bílíọ̀nù 2.5 dọ́là ra EDS, ó sì kó nǹkan bí 10,000 òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Wọ́n sùn ní ọmọ ilé kan, wọ́n jí ní ọmọ ilé mìíràn. Inú ọ̀pọ̀ wọn kò sì dùn sí i. Perot fúnra rẹ̀ bá General Motors jà, ó sì jáde ní 1986. Ní 2008, HP ra EDS ní bílíọ̀nù 13.9 dọ́là, ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ó kéde pé 24,600 ènìyàn yóò pàdánù iṣẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Ní 2014, Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó: ó ń sanwó fún àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ṣe àdéhùn ọdún mẹ́rin, ó sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Ní 2019, ó dá ọ̀pọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn kò tíì gbó dúró ní Nàìjíríà àti Uganda. Àwọn tí ó lọ mú ọgbọ́n lọ, èyí kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ aláṣọ òkè mọ ọjọ́ òmìnira rẹ̀, ìjókòó ẹbí sì ń ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ọmọ wa bá ní òun rí iṣẹ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, kí a má bi í ní iye owó oṣù nìkan. Kí a bi í pé, ta ni yóò dá òmìnira rẹ̀ fún un, nígbà wo sì ni?